Ọ̀rọ̀ Méjì Tí Mo Ń Kọ Sínú Ìwé Ilé Ìgbẹ̀bí

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí obìnrin kan kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní Ìgàndó, ní ọdún tí mo jẹ́ àjèjì níbẹ̀, tí ẹ̀rù sì ń bà mí ju bó ṣe yẹ kó ba ẹni tó gbàdúrà láàárọ̀. Ó ti pẹ́. Irun mi ti funfun. Síbẹ̀, tí mo bá gbọ́ tí ènìyàn ń sọ pé kò sí ìyípadà kankan, mo ṣì máa ń dìde lọ fi ojú ara mi wò ó.

Sakété ni wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Dahomey nígbà náà. Yorùbá ni ìyá mi fi tọ́ mi, Faransé sì ni àwọn Sísítà ìjọ Àgùdà fi kọ́ mi ní ìwé. Ní ilé ìtọ́jú kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni mo ti kọ́ iṣẹ́ ìgbẹ̀bí fún ọdún mẹ́rin. Nígbà tí òkìkí Èkó kàn dé ọ̀dọ̀ wa, pé owó epo ti dé, pé wọ́n ń la títì, wọ́n ń kọ́ ilé ìwòsàn, wọ́n sì ń wá òṣìṣẹ́ lójú méjèèjì, Fadá wa kọ lẹ́tà kan lé mi lọ́wọ́ sí ìjọ kan ní Ìgàndó tó ní ilé ìgbẹ̀bí. Bí mo ṣe dé ibẹ̀ nìyẹn.

Mo rò pé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn mi ni mò ń lọ. Yorùbá ni wọ́n, Yorùbá ni èmi náà. Ní ọjọ́ kejì tí mo dé, mo lọ sí Ìkòtún, mo ní kí obìnrin kan tó ń ta ìwé ta papíè fún mi kí n fi kọ lẹ́tà sílé. Obìnrin náà wo ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì bi í pé:

"Kí ló ní òun fẹ́ rà?"

"Mi ò mọ̀ jàre. Ará Àjàṣẹ́ ni, àbí ẹ̀yin ò gbọ́ ohùn rẹ̀ ni?"

Àjàṣẹ́ ni wọ́n fi ń pe gbogbo ilẹ̀ wa. Bébà ni wọ́n ń pe papíè. Ilé ìwòsàn tí mò ń pè ní lopitáà, ọsibítù ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí mo kí Mátírọ́ọ̀nù wa ní "Ẹ káàárọ̀, Masẹ̀ẹ̀," bí a ṣe máa ń kí àwọn Sísítà nílé, àwọn nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Kò sí ẹni tó lù mí, kò sí ẹni tó bú mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó jẹ́ kó jáde lẹ́nu mi, bí ẹni tó ń wo egungun ẹja.

Ilé Ìyá Mùínátù ni mò ń gbé. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Mùsùlùmí òdodo, ó ń ta abọ́ tánganran ní Ìkòtún. Òun àti ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé ló ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀, wọ́n kọ́ yàrá mẹ́rin sí i. Nígbà tí àwọn onílé mẹ́ta ti sọ pé àwọn kì í gba ẹni tí àwọn kò mọ ìran rẹ̀, òun nìkan ló sọ pé, "Ẹni tó ń gbẹ̀bí, ṣé ó tún nílò ẹni tó máa mọ̀ ọ́n? Wọlé."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo mú ìgbálẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbá àgbàlá bí ọmọ tí wọ́n kọ́ ṣe máa ń ṣe. Ìyá Mùínátù jáde, ó gba ìgbálẹ̀ náà lọ́wọ́ mi.

"Fi í sílẹ̀, ọmọ àlejò. Àlejò kì í gbálẹ̀ nínú ilé mi."

Oore ni ó ṣe fún mi, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n Mùínátù ọmọ rẹ̀, tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù keje, tí ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ títì lọ́nà jíjìn, òun ló ń gbálẹ̀ náà, tí ó fi ọwọ́ kan di ìbàdí mú. Àràárọ̀ ni mò ń gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ yẹn lórí ẹní mi. Ẹni tí wọn kò gbà láàyè láti gbálẹ̀ ni ẹni tí wọ́n ń retí pé yóò lọ.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò ṣòro fún mi. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n. Ìwé ni ìṣòro.

Ìwé gbọọrọ kan wà lórí tábìlì nínú wọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wo ìyá ọmọ kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kọ bí ó ṣe bá a síbẹ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fún mi láti fi dán mi wò, inú ìwé yìí ni Mátírọ́ọ̀nù yóò sì ti mọ̀ bóyá òun máa gbà mí tàbí òun máa dá mi padà sí Sakété. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í gòkè.

"Ìwé yìí ni ojú mi nígbà tí n kò sí níbẹ̀," ó sọ fún mi. "Ẹni tó bá fẹ́ pè mí, kí ó gbé e dání wá. Mi ò fẹ́ àlàyé ẹnu. Ẹni tó jókòó sórí àga yẹn ṣáájú rẹ, ohun tó ń kọ kò yé ẹnikẹ́ni. Ó ti lọ."

Mo wo ohun tí àwọn tó kù ń kọ. Ọ̀rọ̀ méjì ló pọ̀ jù níbẹ̀: "No change," pé kò sí ìyípadà. Ìyá ọmọ ń sùn, "No change." Ìyá ọmọ jẹ̀kọ, "No change." Mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, mo sì mọ̀ pé kò sí àṣìṣe níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè fi mú mi. Mo di ọ̀rọ̀ méjì yẹn mú bí ẹni tó di okùn kànga mú. Tí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, mo máa ń fi ẹnu sọ fún Nọ́ọ̀sì Bọ́lá tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, òun á sì kọ ọ́. Kò pẹ́ tí ó fi fún mi lórúkọ.

"Sista Nó Ṣéńjì ti dé o," ó máa ń sọ bí mo bá ti wọlé. "Ilé ń jó, nó ṣéńjì. Mátírọ́ọ̀nù bí ìbẹta, nó ṣéńjì."

Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo bá dé yàrá mi, mo máa ń ka ọjọ́ tó kù nínú oṣù mẹ́ta.

Bàbá Kátíkísì ni Ọlọ́run fi ràn mí lọ́wọ́. Ọmọ onílẹ̀ Ìgàndó ni, ó ti kọ́ àwọn ọmọdé ní kátíkísìmù àti Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó bí mi. Ní ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn Mísà, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ pé nǹkan kò rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ó ní kí n dìde, ó jókòó lórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú.

"Wo bàtà mi. Kí lo rí?"

Mo wò ó. Ẹsẹ̀ ọ̀tún dúdú, tòsì pupa rúsúrúsú. Ojú tì mí láti sọ ọ́.

"Má tijú. Ìkejì ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ti já. 'Different' nìyẹn. Ohun méjì lo gbọ́dọ̀ rí kí o tó sọ ọ́, kí o gbé ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Kò sí èyí tó yí padà nínú wọn. Bí wọ́n ṣe rán wọn nìyẹn. Ó dáa. Ọ̀nà tó wà níwájú wa yìí ńkọ́?"

"Wọ́n ń da ọ̀dà sí i, Bàbá."

"Lọ́dún tó kọjá, erùpẹ̀ ni. Ọ̀nà kan náà ni, kì í ṣe méjì. Àná rẹ̀ lo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ òní rẹ̀. 'Change' nìyẹn. Omi kànga wa wá ńkọ́? Ó ga lójò, ó lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn, ó tún ga. Kò sí ẹni tó ń sunkún lé e lórí, bí ó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní 'vary'."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wo aṣọ iṣẹ́ mi.

"Ta ló ni aṣọ yìí tẹ́lẹ̀?"

"Ẹnì kan tó sanra ni, Bàbá. Télọ̀ ló gé e kù fún mi."

"Ó hàn. Télọ̀ yẹn kò fẹ́ràn rẹ." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí. "Ohun tí télọ̀ ṣe ni 'alter'. Ọwọ́ ènìyàn ló ń ṣe é, àmọ̀ọ́mọ̀ṣe sì ni. Lára aṣọ, kò burú. Ṣùgbọ́n ìwé ilẹ̀ bàbá mi, ẹnì kan fa ìlà kékeré kan sórí nọ́ńbà kan níbẹ̀. Kò ya á, kò jó o. Ìlà kan ṣoṣo. Ilẹ̀ tí a sin ìyá ìyá mi sí ti di ti ẹlòmíràn."

Lẹ́yìn náà mo béèrè ohun tó ń dà mí láàmú jù. "Bàbá, tí mo bá rí nǹkan tí n kò sì mọ èyí tó yẹ kí n lò nínú wọn ńkọ́?"

"Ojú ló ń kọ́kọ́ mọ nǹkan," ó dá mi lóhùn. "Ẹnu á bá a níbẹ̀."

Mo ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Mo mọ ọ̀rọ̀ náà lórí bí mo ṣe mọ Ẹ Kí Màríà. Ṣùgbọ́n tí mo bá jókòó síwájú ìwé gbọọrọ yẹn, ọwọ́ mi á kọ ọ̀rọ̀ méjì tó mọ̀.

Lóṣù kejì, mo bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Lẹ́tà la fi dá ọjọ́: kí òun wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Sakété, kí èmi náà wà ní ti Ìkẹjà. Láàárọ̀ ni mo débẹ̀. Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó pe orúkọ mi. Ohùn ìyá mi ń bọ̀ bí ẹni tó wà nínú àmù.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Rárá o. Ohùn rẹ ti yí padà. Ṣé wọ́n ń fún ọ jẹun?"

"Wọ́n ń fún mi, Ìyá."

"Iṣẹ́ yẹn ńkọ́, ṣé ó ti fìdí múlẹ̀?"

"Ó ti fìdí múlẹ̀." Irọ́ ni mo pa.

"Ọlọ́run ṣeun. Ṣé o gbọ́ pé wọ́n ti yí orúkọ orílẹ̀-èdè wa padà? Fadá ní Benin ni wọ́n ń pè wá báyìí."

"Mo gbọ́. Kí ló wá yí padà nílé?"

"Kí ló máa yí padà? Òrùlé yẹn ṣì ń jò lójú ibi tó ti ń jò."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ni fóònù bá kú. Mo dúró níbẹ̀, mo di ẹ̀rọ náà mú létí. Nígbà tí mo kúrò nílé, ọmọ Dahomey ni mí; kò tíì pé ọdún kan, Dahomey kò sí mọ́. Ní Ìgàndó, ará Àjàṣẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Ìyá tó bí mi kò mọ ohùn mi. Mo bi ara mi pé tí wọ́n bá dá mi padà, ta ni yóò sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn ní Sakété?

Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí oṣù mẹ́ta mi pé nígbà tí Mùínátù wá bímọ.

Àárọ̀ ló bí i, obìnrin, ó bí i wọ́ọ́rọ́wọ́. Aago kan ọ̀sán ni mo gba iṣẹ́. Mo fi ọwọ́ lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, mo ka bí iṣan rẹ̀ ṣe ń lù: ọgọ́rin ní ìṣẹ́jú kan. Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. "Antí, ẹ wo imú rẹ̀, imú ìyá mi ni." Mo kọ "No change", òótọ́ sì ni.

Ní aago méjì, mo tún kà á. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún. Mùínátù ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Ètè rẹ̀ kò pupa tó bí ó ṣe wà ní aago kan. Mo dúró lẹ́bàá ibùsùn. Ohun tí àwọn Sísítà kọ́ mi ń dún létí mi: ẹ̀jẹ̀ tó ń rọra lọ ló ń pa ènìyàn, kì í ṣe èyí tó ń pariwo. Ṣùgbọ́n ohùn mìíràn sọ pé ooru ló mú, pé iṣan máa ń lọ sókè sódò bí omi kànga. Ta ló máa gbé ìwé lọ bá Mátírọ́ọ̀nù nítorí òùngbẹ? Kí ni yóò kọ sínú rẹ̀? Mo jókòó, mo mú bírò, mo kọ "No change".

Mo mọ̀ bí mo ṣe ń kọ ọ́ pé irọ́ ni. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka ìwé yìí mọ ìyẹn.

Kò tó ìdajì wákàtí lẹ́yìn náà ni Ìyá Mùínátù dé. Ó ti lọ kírun ọ̀sán nílé, ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá nínú abọ́ tánganran tuntun kan. Ó wo ọmọ rẹ̀, kò sì gbé abọ́ náà sílẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, bí mo ṣe fi ọmọ mi sílẹ̀ kọ́ nìyí."

Mo tú aṣọ tí wọ́n fi bo Mùínátù. Níwájú, kò sí nǹkan kan. Mo fi ọwọ́ sábẹ́ ìdí rẹ̀, ọwọ́ mi sì jáde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Abẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń ṣàn gbà, ó ti rin aṣọ àti ibùsùn rẹ̀. Iṣan rẹ̀ ń sáré débi pé n kò lè kà á. Ọwọ́ rẹ̀ ti tutù.

Mo sáré dé ìdí tábìlì láti gbé ìwé, nítorí òfin ni pé ẹni tó bá fẹ́ pe Mátírọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ gbé e dání. Ìwé náà ṣí sílẹ̀ síbẹ̀, bírò sì wà lórí rẹ̀. Mo rí ìlà tí mo kọ ní aago méjì. Tí mo bá fa ìlà kékeré kan sórí "No", ohun tó máa kù ni "change": pé mo ti rí i, mo ti kọ ọ́, iṣẹ́ mi á fìdí múlẹ̀. Mo ti mú bírò. Ẹnu rẹ̀ ti kan ìwé.

Mo gbé ojú sókè. Ìyá Mùínátù ń wò mí.

Mo ju bírò sílẹ̀, mo gbé ìwé, mo sáré jáde. Mátírọ́ọ̀nù wà níwájú ilé pẹ̀lú àwọn aláboyún.

"Mátírọ́ọ̀nù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo Mùínátù. Ẹ̀jẹ̀ ni."

Ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó wò ó. "Ní aago méjì, o kọ ọ́ pé kò sí ìyípadà."

"Ohun tí mo rí kọ́ ni mo kọ, Mà. Ó ti yí padà láti aago méjì."

Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti ń lọ. N kò mọ̀ pé obìnrin yẹn lè sáré bẹ́ẹ̀. Ó tẹ ikùn Mùínátù, ó ń fi ọwọ́ yí ilé ọmọ rẹ̀ tó ti dẹ̀ bí ìyẹ̀fun tí omi pọ̀ nínú rẹ̀, títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ó ní kí n gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ilé ọmọ súnkì. Mo gún un. A fa omi sí i lára. Ní gbogbo ìgbà yẹn, Ìyá Mùínátù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń rọra wí pé "Yà Allāhu", èmi náà sì ń ké pe Màríà nínú ọkàn mi. Mo gbàgbọ́ pé ibì kan náà ni àdúrà méjèèjì gbà lọ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Alásárì, ẹ̀jẹ̀ ti dá. Mùínátù la ojú, ó ní ta ló gbé ọmọ òun.

Mátírọ́ọ̀nù fọ ọwọ́, ó pè mí sí yàrá rẹ̀. Ìwé náà wà níwájú rẹ̀.

"Kí ni àmì bírò tó wà lórí ọ̀rọ̀ yìí?"

"Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ pa 'No' rẹ́, Mà."

"Kí ló dá ọ dúró?"

Ó wù mí kí n sọ pé Ọlọ́run ni. "Ìyá rẹ̀ ń wò mí, Mà."

Ó ṣí ìwé náà sẹ́yìn, ó wo àwọn ohun tí mo ti kọ. "Ṣé Gẹ̀ẹ́sì ló ń bà ọ́ lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Tí Gẹ̀ẹ́sì bá sọnù mọ́ ọ lọ́wọ́, fi Yorùbá kọ ọ́. Fi Faransé rẹ kọ ọ́. Ya àwòrán rẹ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe fi ojú mi rí ohun tí ojú rẹ kò rí." Ó ti bírò sí mi. "Fi èyí tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Kọ òótọ́ sábẹ́ rẹ̀."

Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, gbólóhùn mẹ́ta: pé ní aago méjì, kò rí bó ṣe rí ní aago kan, pé mo rí i, pé n kò kọ ọ́. Mátírọ́ọ̀nù kà á, kò tún nǹkan kan ṣe níbẹ̀. Ó ní kí n kúrò ní wọ́ọ̀dù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí n máa fọ aṣọ kí n sì máa se irinṣẹ́ nínú omi gbígbóná, pé lẹ́yìn ìyẹn ni oṣù mẹ́ta mi yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́.

Ẹ̀rù tó kù wà nílé. Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, wọ́n fún mi ní àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àgbà, Ìyá Mùínátù ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé àlejò òun ló gba ọmọ òun là. Gbogbo ìyìn yẹn ń gún mi bí ẹ̀gún. Mo jẹ́wọ́ fún Fadá, Fadá dárí jì mí, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀nà ilé kan ṣì kù tí n kò tíì rìn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi sá fún Ìyá Mùínátù. Mo ti di ẹrù mi sínú àpótí kí ó lè rọrùn fún mi láti jáde bí ó bá ní kí n jáde.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àṣùbáà, mo bá a níbi tí ó ti ń to abọ́ rẹ̀ sínú agbọ̀n. Mo kúnlẹ̀.

"Ìyá, ní ọjọ́ tí Mùínátù bímọ, mo rí i ní aago méjì pé ara rẹ̀ ti yí padà. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé kò yí padà. Ẹ̀rù iṣẹ́ mi ló ń bà mí. Ẹ̀yin lẹ bá a kí n tó ṣe nǹkan kan."

Kò dá ọwọ́ dúró. Ó fi abọ́ kan sínú òmíràn.

"Mo rí ọ tí o di bírò mú," ó ní. "Mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń tajà. Mo mọ ojú ẹni tó fẹ́ yí abọ́ tó sán sí ẹ̀yìn kí oníbàárà má baà rí i."

"Ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ náà?"

"Mo mọ̀. Mo tún rí ọ tí o jù ú sílẹ̀ tí o sáré. Mò ń retí ìgbà tí wàá wá sọ ọ́ fún mi. Àlejò ni ì bá di ẹrù rẹ̀ kó lọ." Ó wo ẹnu ọ̀nà yàrá mi, níbi tí àpótí mi wà. "Mo rí àpótí yẹn náà."

Ìyá Mùínátù gbé agbọ̀n rẹ̀ ka orí. Ó na ìgbálẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri sí mi.

"Mùínátù kò tíì lè tẹ̀ ba," ó ní. "Àgbàlá ti dọ̀tí. Gbá a dé ojú ọ̀nà, kí o má dà á sí ẹ̀yìn ilé bí ọ̀lẹ."

Ó jáde lọ sí Ìkòtún. Mo tẹ̀ ba, mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà yàrá mi, mo sì gbá a dé ojú ọ̀nà.